Ife Bàbá Fúsítúkì

Sátidé, Júláì 6

Irọ́ lo pa, Wádáhì, irọ́ gbuu! O ní ṣọ́ọ̀bù mi ò ní rí òjò ọdún yìí? Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta tí mo ti ṣí i, ilẹ̀kùn ò jábọ́, èmi náà ò jábọ́. Ìwọ tí o kó ẹ̀rọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá yunifásítì, tó ń yọ áísìkirímù wúrúwúrú bí ìdí ọmọ tí inú ń run, ìwọ náà ń pe ara ẹ ní oníṣẹ́ ọwọ́! Bọ́tìnì lò ń tẹ̀. Èmi, mò ń gún un nínú agolo bí ẹni ń gúnyán, títí á fi máa fà. Wá fọwọ́ kan apá mi kó o wò ó bóyá kì í ṣe irin. Ọmọ odó tí bàbá ẹ, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, fi gún áísìkirímù ní gbogbo ayé wọn, ọwọ́ mi ló wà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé e fún mi kí wọ́n tó kú, torí wọ́n mọ̀ pé tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹ, ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ lo máa fi tì.

Torí ẹ ni mo ṣe ra ìwé yìí. Gbogbo ìgbà tó o bá pè mí láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yìn ìgbà tó o bá já fóònù tán ni èsì tó dáa máa ń wá sí mi lẹ́nu. Mi ò ní jẹ́ kó ṣòfò mọ́. Ibí ni màá ti máa fún ẹ lésì.

Èsì tòní: o ní oníbàárà, àmọ́ o ò mọ̀ wọ́n. Èmi mọ tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí kálukú ń jẹ ni mo fi ń pè é. Lẹ́mọ́ọ̀nù, onítakisí, ó fẹ́ kó kan débi tí ojú ẹ̀ á fi fún pọ̀. Mísítíkà, aránṣọ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iwájú, funfun ni tiẹ̀, kó máa ta sánsán bí oje igi, kó sì máa fà bíi rọ́bà. Ìyá ẹ̀ ló ń gbé e lọ fún. Ìyá yẹn ti gbàgbé orúkọ gbogbo ọmọ tó bí, àmọ́ kò gbàgbé mísítíkà. Bàbá Fúsítúkì, arúgbó tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo oníbàárà mi, ojoojúmọ́ tí wọ́n bá ti kírun alásárì tán ni wọ́n ń dé. Tí mo bá ti rí fìlà wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ṣíbí mi ti wọ agolo. Ṣé ẹ̀rọ ẹ lè ṣèyẹn?

Kò sí irú mi ní gbogbo ìlú Íríbídì yìí. Kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o ò bá kọ ọ́, èmi ti kọ ọ́.

Túsìdeè, Júláì 9

Oòrùn yìí ti ya wèrè. Omi ìjọba dé, àwọn ará òkè ti fi ẹ̀rọ fà á lọ tán kó tó kàn mí, táǹkì mi ń dún bí ikùn aláàwẹ̀. Wàrà tún gbówó lérí. Ẹni tó ń gbé e wá ní ọ̀nà ló le. Ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ló le.

Bàbá Fúsítúkì wá. Wọ́n jókòó sórí àga wọn lábẹ́ ìbòòji, wọ́n gbé ọ̀pá lé orúnkún. Ìbéèrè kan náà ni:

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

"Bàbá, ta ló ń tajà ẹnu tí ebi máa pa?"

"Áísìkirímù kì í ṣe oúnjẹ. Jẹun." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bá mi pa orin yẹn, kí n gbọ́ odó."

Mo pa orin tó ń ti fóònù mi lọ sínú sípíkà, mo gún un. Wọ́n dijú. Fúsítúkì tí mo bù lé e lórí nìkan ni wọ́n ń ṣà jẹ, ẹ̀pà aláwọ̀ ewé yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí adìyẹ tó ti dàgbà. Áísìkirímù fúnra ẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ kó yọ́ sínú ife. Bí wọ́n bá ti lọ, èmi ni mò ń dà á sí gọ́tà. Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn o. Mi ò jẹ́ kẹ́nì kan mọ̀. Owó wọn pé, àmọ́ ta ló fẹ́ kí òógùn apá ẹ̀ máa yọ́ dànù níṣojú ẹ̀?

Sọ́ńdè, Júláì 14

Mo tà títí agolo fi gbẹ. Ìgbà tí mo ń tilẹ̀kùn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi látàárọ̀ ò ju "èwo lẹ fẹ́?" àti "ó dùn, àbí?" lọ. Bàbá yẹn nìkan ló bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹ ẹran àgùntàn odidi kan.

Mi ò tíì jẹun.

Tọ́sìdeè, Júláì 18

Nǹkan ń bọ̀! Mísítíkà wá lónìí, ó ní ìgbéyàwó ń bọ̀ ládùúgbò, ní ilé tí igi ọ̀pọ̀tọ́ wà níwájú ẹ̀. Ọmọ-ọmọ onílé ló ń lọ sílé ọkọ, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti rí ẹni tó máa ṣe áísìkirímù?"

"Ìwọ yìí! Wọn ò tíì rán aṣọ ìyàwó tán, o ti ń wá ẹnu tó máa jẹ tìẹ. Ṣé o mọ àwọn tó nilé yẹn ni?"

"Ta ni mi ò mọ̀ ládùúgbò yìí?"

Mi ò mọ̀ wọ́n. Igi ọ̀pọ̀tọ́ yẹn ni mo mọ̀, mo ti jí ká níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ilé ńlá ni, ìdílé ńlá ni. Bí mo bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, kò ní sí ìgbéyàwó ní ìlú yìí tí wọn ò ní pè mí sí.

Ètò mi rèé: mi ò ní dúró kí wọ́n pè mí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ta àgọ́, màá gbé tírè ńlá, fúsítúkì á bò ó, iná kéékèèké á máa ta pàrà-pàrà lórí ẹ̀, orin ìyàwó nínú sípíkà, láìfù lórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni. Àlejò tí wọn ò pè, tó gbé ẹ̀bùn dání, ta ló máa lé e? Wádáhì, lọ wá nǹkan mu.

Wẹsidé, Júláì 24

Mo ṣe láìfù, ó lé ní igba èèyàn tó wò mí. Ìwọ náà wò ó, Wádáhì, mo rí orúkọ ẹ, olófòófó. Mo kọjú fóònù sí Bàbá Fúsítúkì, mo ní, "Ẹ wo bàbá yìí! Ojoojúmọ́ ni o! Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á lá ife bí ológbò, wọ́n á tún béèrè ìkejì!"

Bàbá wo ife wọn tó kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n wá wò mí. "Ọmọ mi, ta lò ń sọ?"

"Ìpolówó ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ti ń gún kọfí nínú odó igi ní yàrá àlejò bàbá wọn, gbogbo abúlé ti mọ̀ pé ìpè nìyẹn, pé àyè wà láti jókòó. Kálukú á máa bọ̀, wọn ò ní ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan kan. Àfi odó tìẹ. Mò ń gbọ́ ọ láti ilé."

Mo ní, "Bàbá, èmi ò gún kọfí o. Owó ni mò ń gún."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Máa gún."

Mo fẹ́ bi wọ́n pé ilé wo ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Oníbàárà dé.

Sátidé, Júláì 27

Bàbá wá, àmọ́ wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú wọn pọ́n. Mo ní, "Ta ló ṣẹ̀ yín, kí n lọ gún un?" Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni. Wọ́n jẹ fúsítúkì wọn tán, wọ́n wo ife, wọ́n rọra tì í sí mi. Wọ́n lọ.

Tọ́sìdeè, Ọ́gọ́ọ̀sì 1

Ó yẹ kí n máa sùn báyìí. Ó yẹ kí n ti kú gan-an.

Ọ̀sán ni mo dé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo rí àgọ́ níwájú ilé ọlọ́pọ̀tọ́. Àga rọ́bà funfun tò bẹẹrẹ, ọkùnrin ń wọlé, ọkùnrin ń jáde. Bàbá Dùráídì, onígbàjámọ̀ tí ògiri ṣọ́ọ̀bù wa pa pọ̀, ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo ní, áà, ó ti lọ fá irùngbọ̀n ọkọ ìyàwó. Ṣé o rí bí orí mi ṣe ń ṣiṣẹ́?

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo gún áísìkirímù bí ẹni tí wọ́n fi í ṣépè fún. Irú èyí tí mo gún lónìí, mi ò gún un rí. Ó fà láti ọwọ́ mi dé àyà mi, kò já. Mo bu ti Bàbá Fúsítúkì sínú ife kí n tó jáde, mo gbé e sínú fírísà kí wọ́n lè bá a tí wọ́n bá dé. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo tan iná orí tírè, mo tan láìfù, mo tan sípíkà. Ìhó ayọ̀ àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ jáde, fífà gbọọrọ, lẹ́yìn náà orin. Mo ń jó lọ. Mo ń jó lọ, Ọlọ́run ló rí mi.

Mo wọ àgọ́, mo ké, "Ẹ kú oríire o! Kí Ọlọ́run fi ọmọ rere jíǹkí wọn!"

Gbogbo ẹnu pa lọ́lọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló yà wọ́n lẹ́nu. Mo tún jó yí ká lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà yẹn ni mo rí dàbínù nínú àwo. Mo rí kọfí kíkorò nínú ife kéékèèké. Mo rí àlùfáà tó mú Kùránì dání, tó fi ìka sí ibi tó kà dé, tó ń wò mí.

Ọkùnrin gíga kan dìde níwájú, ojú ẹ̀ wú. Ó gba sípíkà lọ́wọ́ mi, ó pa á. Ó ní, "Máa lọ." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn.

Bàbá Dùráídì ló fà mí jáde. Lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ló ti gbé e kò mí lójú. "Ṣé orí ẹ pé? Ṣé o rí iná aláràbarà kankan lára àgọ́ yẹn?"

"Ọ̀sán gangan ni, Bàbá Dùráídì. Ta ló ń wo iná?"

"Ṣé o gbọ́ ìhó obìnrin kankan?"

"Mo gbé ìhó wá nínú sípíkà."

"Àgọ́ kan náà ni wọ́n ń yá fún ìyàwó, òun náà ni wọ́n ń yá fún òkú! Àga kan náà! Ọmọdé ìlú yìí mọ̀ ọ́n! Kí ló dé tí o ò béèrè?"

"Mísítíkà ló sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ ṣèyàwó."

"Wọ́n ti sún un síwájú. Bàbá-bàbá ìyàwó ló kú láfẹ̀mọ́jú. Wọ́n kéde ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo àdúgbò gbọ́."

"Èmi ò sùn ládùúgbò. Ta ni wọ́n?"

"Hájì Fáwásì."

"Mi ò mọ̀ wọ́n."

Bàbá Dùráídì nawọ́ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. "O ò mọ̀ wọ́n? Àga tí wọ́n ń jókòó sí ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ."

Fúráìdè, Ọ́gọ́ọ̀sì 2

Ife wọn wà nínú fírísà. Fúsítúkì wà lórí ẹ̀.

Sọ́ńdè, Ọ́gọ́ọ̀sì 4

Mi ò pa láìfù lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹ̀ ló jáde, títí kan ìgbà tí mo tún jó yí ká.

Wádáhì pè. "Ọ̀gá aláyọ̀! Tí èmi náà bá kú, ṣé wàá gbé súkúláàtì wá?" Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ti ibẹ̀ pa, Áísìkirímù. Wá máa tẹ bọ́tìnì fún mi. Ọmọ odó bàbá mi yẹn, mú un dání, màá gbé e kọ́ ògiri."

Èsì tòní: kò sí.

Tọ́sìdeè, Ọ́gọ́ọ̀sì 8

Èsì ìdánwò àṣekágbá jáde. Ọjọ́ tí àwọn tó ń ta nǹkan aládùn ń là nìyí. Ọkọ̀ ń fọn fèrè láti òpin ìlú dé òpin ìlú, àwọn ọmọ jókòó sójú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n ń ju súìtì. Mo ti gún agolo mẹ́rin sílẹ̀. Mi ò tan orin.

Ọkọ̀ kan dúró níwájú mi. Ọmọbìnrin kan yọ orí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká ra níbí." Bàbá ẹ̀ wo ojú mi, ó wo àga tó wà níta, ó tẹná mọ́ ọkọ̀. Wọ́n lọ.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń kọjá, bíi pé ògiri ni mí. Ara Lẹ́mọ́ọ̀nù pàápàá kì í yá mọ́ láti dúró, fèrè ló ń fọn tó bá ń kọjá. Agolo mẹ́rin. Gọ́tà ló jẹ ẹ́.

Tí oṣù yìí bá parí báyìí, mo ti pa ṣọ́ọ̀bù dé nìyẹn.

Sátidé, Ọ́gọ́ọ̀sì 10

Bàbá Dùráídì jókòó sórí ìjókòó tó fi ń fá irun, ó ní, "Irú èyí, èèyàn kì í fi ẹnu ara ẹ̀ nìkan bẹ̀bẹ̀. Jáhà ni. Àwọn àgbà ẹ ni kó bá ẹ lọ. Ẹ ó wọlé, ẹ ó jókòó, wọ́n á gbé kọfí fún yín, ẹ ò ní mu ún títí wọ́n fi máa ní àwọn ti gbọ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mu, ó tán."

"Ẹ bá mi lọ."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Hátímì, àkọ́bí Hájì, fẹ́. Àárín wọn ni màá jókòó sí. Àwọn èèyàn tìẹ dà?"

Ìyá mi kú. Bàbá mi fẹ́ ìyàwó míì ní Kúwéètì, ohùn ẹ̀ gan-an mo ti ń gbàgbé. Àwọn tó kù wà ní Ákábà, etí òkun lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó máa wọ bọ́ọ̀sì ọjọ́ odindi wá bẹ̀bẹ̀ torí áísìkirímù. Àmọ́ ṣé màá sọ ìyẹn?

Mo ní, "Èèyàn? Oníbàárà mi á kún bọ́ọ̀sì mẹ́ta!"

Ó ní, "Kó wọn wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn alásárì. Màá sọ fún Hátímì pé ẹ ń bọ̀."

Túsìdeè, Ọ́gọ́ọ̀sì 13

Mo pè wọ́n. Gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù mi: Súkúláàtì Méjì. Àpíríkọ́ọ̀tì. Funfun Má-fi-ẹ̀pà-sí-i.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Áísìkirímù."

"Áísìkirímù wo?"

Bí wọ́n ṣe dáhùn nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní òun ń rìnrìn àjò. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Àpíríkọ́ọ̀tì ní, "Arákùnrin, mo ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ ni, mi ò bá ẹ tan." Kò purọ́. Mísítíkà sunkún sí mi létí, ó ní jáhà ọkùnrin ni, ká ní obìnrin ń lọ òun á ṣíwájú. Lẹ́mọ́ọ̀nù ò gbé fóònù.

Fúráìdè, Ọ́gọ́ọ̀sì 16

Mo to àga mẹ́jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, torí òun nìkan ni mo ní. Wọ́n kírun alásárì tán, mọ́ṣáláṣí tú, èèyàn ń kọjá, àga mẹ́jọ ń wò mí. Ológbò kan gun ọ̀kan. Mo ní, "Ó kéré tán, ìwọ wá."

Mo ti ń kó àga wọlé nígbà tí takisí dúró gbà. Lẹ́mọ́ọ̀nù ni. Ó ti wọ kóòtù, kóòtù ò fẹ́ gba ikùn ẹ̀.

"Wọlé."

"Ẹ ò gbé fóònù mi."

"Mi ò kì í gbé nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Aránṣọ yẹn ló dúró síwájú ọkọ̀ mi, ó ní tí mi ò bá wá, òun ò ní rán sòkòtò mi mọ́ láyé. Wọlé, jàre."

"Ilé yẹn rèé, a lè fẹsẹ̀ rìn."

"Jáhà kì í fẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri. Wọlé!"

A wa ọkọ̀ láti ibí dé igi ọ̀pọ̀tọ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yíjú sí mi. "Kí lorúkọ ẹ gan-an? Mi ò lè dìde níbẹ̀ kí n ní mo mú Áísìkirímù wá tọrọ àforíjì."

"Kusáì."

"Èmi ni Jíríyésì." Ó gba ọwọ́ mi. Láti oṣù Kẹrin ló ti ń ra lẹ́mọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi o.

Àwọn bíi mẹ́wàá ló wà ní yàrá àlejò, Bàbá Dùráídì wà láàárín wọn, ó ń wo ilẹ̀. Odó kọfí onígi kan wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti ki òdòdó rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n gbé kọfí wá. A gbà á, a gbé e kalẹ̀.

Jíríyésì dìde. "Ẹ̀yin ará ilé Hájì Fáwásì, ilé yín ga, ìdí nìyẹn tí a fi wá. Kusáì yìí ṣẹ̀ yín. Kọfí yín wà níwájú wa, a ò ní fẹnu kàn án àfi tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa."

Hátímì, ọkùnrin gíga ọjọ́ náà, wo ẹ̀yìn wa bóyá èèyàn ṣì ń bọ̀. "Ẹ̀yin méjì náà nìyí?"

"Àwa méjì ni. Àmọ́ ẹ wo ikùn mi, ẹ kà mí sí mẹ́ta."

Ẹnì kan fi ìkọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Hátímì ò rẹ́rìn-ín.

"Ti àgọ́, mo lè gbàgbé ẹ̀. Òmùgọ̀ ló ṣe é, òmùgọ̀ ò lẹ́jọ́. Fídíò ìṣáájú ni mi ò lè gbàgbé." Èmi ló ń wò. "Ó ti pẹ́ tí dókítà ti ní kí bàbá mi má fẹnu kan ṣúgà. Mo wo fídíò ẹ, o ní wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ife. Mo wá bá wọn nínú yàrá yìí, mo pariwo mọ́ wọn bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Wọ́n ní àwọn ò fẹnu kàn án. Mo ní irọ́ ni. Mo pe bàbá mi lónírọ́. Mi ò wá sílé yìí mọ́ títí wọ́n fi pè mí láfẹ̀mọ́jú pé kí n wá gbé wọn."

Ọ̀rọ̀ ilé. Ojú wọn tó pọ́n.

Mo ní, "Wọn ò parọ́."

"Kí lo wí?"

"Wọn ò tọ́ ọ wò rí. Fúsítúkì orí ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣà jẹ. Èyí tó kù á yọ́, èmi ni mò ń dà á nù."

"Ìwọ? Gbogbo ìlú ló mọ̀ ẹ́ sí afọ́nnu. Ò ń bẹ̀bẹ̀, o lè sọ ohunkóhun. Kí ló máa jẹ́ kí n gbà ẹ́ gbọ́?"

Mo wo Jíríyésì, Jíríyésì wo òrùlé. Mi ò ní àwàdà kankan lẹ́nu. Òótọ́ nìkan ló kù, mi ò sì mọ̀ ọ́n sọ dáadáa.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, apá mi ni mo fi gún un. Ṣé ẹ ti rí onáísìkirímù rí tó máa jókòó síwájú àgbà mẹ́wàá, kó ní oníbàárà òun kan ń wá lójoojúmọ́ tí ò tọ́ tòun wò rí? Ìtìjú mi nìyẹn. Mò ń fi pa mọ́ fún gbogbo èèyàn. Tó bá jẹ́ irọ́ ni mo fẹ́ pa, màá ní wọ́n ń jẹ méjì-méjì, wọ́n ń lá ife. Ìyẹn ni mo sì sọ nínú fídíò. Irọ́ nìyẹn. Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló jẹ áísìkirímù bàbá yín."

Bàbá Dùráídì gbé ojú kúrò nílẹ̀.

Hátímì ní, "Kí ni wọ́n wá ń wá ṣe?"

"Wọ́n á ní kí n pa orin kí àwọn gbọ́ odó. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń gún kọfí nílé bàbá wọn nìyẹn, pé ìpè ni. Wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Mi ò bi wọ́n lórúkọ."

Hátímì wo odó tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó dìde, ó yọ òdòdó rọ́bà yẹn kúrò lẹ́nu ẹ̀, ó mú un dání bí ẹni tí ò mọ ibi tó máa sọ ọ́ sí. Ó fi aṣọ tó wé mọ́rí bo ojú. Èjìká ẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣí ojú, ó ní, "Ẹ mu kọfí yín."

Ó ti tutù. Mo mu ún tán pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀.

Nínú takisí, Jíríyésì tú bọ́tìnì kóòtù, ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀la, lẹ́mọ́ọ̀nù mi. Kó kan o. Omijé tòní ti dùn jù fún mi."

Sátidé, Ọ́gọ́ọ̀sì 17

Jíríyésì wá. Mísítíkà wá, orúkọ ẹ̀ ni Ìyá Nísírínì. Onísúkúláàtì Méjì náà wá, ó ní ẹsẹ̀ òun ti san. Mo bi í lórúkọ, ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Kò sọ.

Lẹ́yìn alásárì, ọwọ́ mi ti wà nínú agolo kí n tó rántí.

Mọ́ńdè, Ọ́gọ́ọ̀sì 19

Ọjà ò tíì padà bọ̀ sípò. Mo ń gún, mo tan orin kí ibí má bàa dákẹ́ jù. Ìrun alásárì ti tú. Mo gbé orí sókè, Hátímì ló dúró níta. Ó fa àga bàbá ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró dáadáa, ó jókòó.

Mo ní, "Kí ni kí n bù fún yín, ẹ̀gbọ́n?"

"Fúsítúkì. Òun nìkan."

Mo bu ú sínú ife. Ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó mú òmíì. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun, Kusáì?"

Mo ní rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo sọ ọ́. Ó ní, "Màá ní kí wọ́n gbé abọ́ kan wá láti ilé. Bá mi pa orin yẹn ná."

Ibi tí mo ti ń nawọ́ sí fóònù ló ti ń dún, orúkọ ẹ ló gbé wá, Wádáhì. O fẹ́ gbọ́ èsì, àbí? Ọmọ odó yẹn ò ní gun ògiri ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń gbọ́ ọ sì ti jókòó. Tó o bá pè títí tí o ò bá mi, má dààmú. Mo ti pa fóònù.